Ọgọ́ta Abọ́ Òfìfo ní Oríta

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ènìyàn bíi mélòó kan rí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé àwọn kan hùwà tí kò dáa, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń wò wọ́n. Irọ́ ni. Mo wà lára wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí mi lára títí dòní yìí, ìdajì ìríra náà, èmi ni mo ni ín.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́ bá wa, pé ìpínlẹ̀ tiwa ti dé, pé kò sóhun tí a kò ní rí jẹ mọ́. Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú kékeré kan tó wà láàárín Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Iṣẹ́ ọnà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn. Mo lè fi amọ̀ mọ orí ènìyàn, mo lè gbẹ́ igi díẹ̀, mo sì gbà nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ ńlá kan wà tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Nígbà tí Ìbàdàn kò gbà mí, mo padà wálé, wọ́n sì fún mi ní kíláàsì kẹta láti máa kọ́.

Ní ilé ìwé wa, àwọn ìyá ìjọ kan máa ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ló ní kí wọ́n ṣe é. Opó kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ló sì ṣáájú wọn. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, olùkọ́ àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ níkùn obìnrin náà kó tó sọ ọ́, bó bá sì sọ ọ́, kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́ àtíbàbà onípáànù tó wà lẹ́yìn kíláàsì kẹfà ló ti ń dáná. Bí agogo méjìlá bá ti lù, àwọn ọmọ á tò, kálukú pẹ̀lú abọ́ tó gbé wá láti ilé. Àwọn mìíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹ̀wà yẹn ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí yóò kan ẹnu wọn láti òwúrọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Àwọn òbí wọn wà l'Ékòó tàbí l'Ádòó, wọ́n ń wá iṣẹ́. Àwọn tí òbí wọn wà nílé pàápàá, òbí náà á ti gba oko lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí ilé ìwé wá gba ọlidé gígùn, ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ sí ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti lọ kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì mi. Mo gbọ́ ìró òkúta lẹ́yìn kíláàsì kẹfà. Mo yà síbẹ̀. Àwọn ọmọ bíi mọ́kànlá jókòó sábẹ́ àtíbàbà Màmá, wọ́n ń fi òkúta pa ẹkùrọ́. Ààrò tutù. Kálukú wọn gbé abọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ kíláàsì mi ni, kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ó da abọ́ tirẹ̀ dé orí bíi fìlà.

Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé a ti gba ọlidé ni?"

Wọ́n ní, "A mọ̀, mà."

"Kí wá lẹ ń dúró dè?"

Ọmọbìnrin náà ló wá sọ pé, "Bóyá Màmá á wá, mà."

Ẹ̀pà sísè díẹ̀ wà nínú àpò mi. Mo fún wọn. Wọ́n pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò jà. Ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju bí wọ́n bá ti já a gbà lọ.

Láti ibẹ̀ mo gba ilé Màmá lọ. Mo bá a tó ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Mo mọ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Inú ulé ìdáná yìí ni mo ti ń gbọ́ òkúta wọn."

"Màmá, ṣé kò sí bí a ṣe lè máa se é nígbà ọlidé náà ni?"

"Kí ni ká fi sè é? Bí ilé ìwé bá wọlé, àwọn ìyá ìjọ á mú kóńgò ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan wá. Nísinsìnyí, gbogbo wọn ti wà lóko. Uṣu èṣí ti tán nínú ọgbà, uṣu tuntun kò tíì ta. Ebi tó ń pa ọmọ ń pa ìyá ọmọ." Ó fọ́n ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú igbá. "Àfi bí àwọn tó ní bá mú wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn tó ní, òun ni mo gbé lọ sílé. Mo ní àwọn tó ní kò mọ̀ ni. Mo ní bí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí i, ojú á tì wọ́n. Ní Ìbàdàn, mo ti rí i tí ẹnì kan lára wa kó bàtà àtijọ́ jọ sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ wa, tó tò wọ́n bíi pé àwọn òkú ló fi wọ́n sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń sunkún. Mo ní èmi náà á ṣe tèmi. N ó ṣe tábìlì gígùn kan sí oríta, níbi tí ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ti ń dúró, n ó to ọgọ́ta abọ́ òfìfo lé e lórí, abọ́ àwọn ọmọ náà gan-an. N kò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀. Abọ́ á fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo padà lọ sọ fún Màmá.

Ó ní, "Tíṣà, ta ni kò mọ̀ nínú wọn?"

Mo ní, "Wọn kò rí i, mà."

"Wọ́n rí i. Se nǹkan tí ọmọ á jẹ."

N kò gbọ́. Inú bí mi díẹ̀ pàápàá. Mo rò ó pé kò kàwé ni kò fi yé e.

Nígbà náà, àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní ìdálẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ l'Ékòó tó sì ti kọ́ ilé alájà kan sí ẹ̀bá títì ni alága wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ. Kó tó di pé mo parí ọ̀rọ̀ mi, ó ti dìde dúró.

"Tíṣà! Ọpọlọ yín pé!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi ṣí Ọjọ́ Ìlú. Gbogbo àwọn ènìyàn wa l'Ékòó àti Ìbàdàn ló ń bọ̀. N ó pe oníròyìn. Èyí á jáde nínú ìwé ìròyìn!"

Ó fún mi ní pákó, ìṣó, wáyà àti káfíńtà. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ sílé, ńṣe ni mò ń fò.

Abọ́ ló kù. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo gba abọ́ tánganran, mo gba abọ́ sílífà, mo gba ti ìyá ọmọbìnrin tó fi abọ́ dé orí náà. Gàrí díẹ̀díẹ̀ ni obìnrin náà ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́ tánganran funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù ló gbé fún mi. Ó kọ́kọ́ dì í mú díẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ ó dá a padà?"

Mo ní, "Lẹ́yìn Ọjọ́ Ìlú, èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá fún yín."

"Ẹ má bínú o. Òun la fi ń jẹun ni."

Káfíńtà ṣe tábìlì náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gùn láti ẹ̀gbẹ́ odi ṣọ́ọ̀bù aránṣọ títí dé ìdí igi máńgòrò. Àmọ́ afẹ́fẹ́ àti ewúrẹ́ kò jẹ́ kí abọ́ dúró. Ewúrẹ́ á gùn ún, á lá abọ́, á sì tì í ṣubú. Mo bá mú ìṣó àti òòlù, mo lu ihò méjì méjì sí ìdí abọ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi wáyà dè é mọ́ pákó. Ọgọ́ta abọ́, ọgọ́fà ihò. N kò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òòlù ṣe ń dún, tí tánganran ń fọ́n ká bí èèpá, mò ń kọrin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ariwo ló jí mi. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà ti dúró lókèèrè, wọ́n di orí mú.

"Ta ló gbé ẹbọ ńlá báyìí sí oríta?"

Awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ kọ̀ láti kọjá. Ó já èrò sílẹ̀, ó sì yípadà. Pásítọ̀ kan gbé òróró wá, ó ń ta á sí ìdí tábìlì, ó ń bá èṣù wí. Mo sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, mo ń ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹbọ, pé iṣẹ́ ọnà ni, pé ebi tó ń pa àwọn ọmọ nígbà ọlidé ni mo fi hàn. Bàbá àgbàlagbà kan gbọ́ mi títí, ó mi orí.

Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ ebi ni, kí ló dé tí ẹ ò bu nǹkan sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bàbá náà ò lóye.

Ọjọ́ Ìlú pé. Alága ní kí n kó ọgọ́ta ọmọ wá, kí wọ́n wọ aṣọ ilé ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlidé ni, kí àlejò lè mọ̀ pé ọmọ ilé ìwé ni wọ́n. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti mú wọn jókòó sídìí tábìlì náà, kálukú níwájú abọ́ òfìfo kan. Wọ́n ti sọ fún àwọn òbí wọn pé oúnjẹ á wà. Nítorí náà, púpọ̀ nínú wọn kò jẹ nǹkan kan kúrò nílé. Ilé tó ní gàrí pàápàá fi pamọ́.

Wọ́n ta kánọ́pì mẹ́rin sí òdìkejì títì, àga àwọn àlejò sì kọjú sí àwọn ọmọ náà tààrà. Ẹ̀yìn kánọ́pì ni wọ́n ti ń dáná. Òórùn ata dídín ń gba orí àwọn ọmọ kọjá. Oòrùn mú. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kí ẹnì kan, ẹni tí wọ́n kí dìde kí ẹlòmíràn. Alága ní ẹgbẹ́ àwọn ti gbógun ti ebi, pé ebi kò ní rí ààyè nílùú wa mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Oníròyìn kan wá láti Adó pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó wo àwọn ọmọ náà, ó wò mí. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n ń rí ìkòkò ìrẹsì láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ń fọwọ́ hàn án fún ara wọn.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò jọ ọmọ tí ebi ń pa."

Mo lọ síwájú wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fajú ro." Wọ́n fajú ro. Ọmọ tó bá rẹ́rìn-ín, mo fi ojú bá a wí. Èmi ni o. Ẹnikẹ́ni kò fi ìbọn tì mí.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ìyá alásè kan, tí n kò mọ̀ rí, fi gbé ọpọ́n ìrẹsì jáde, ìrẹsì tó ń yọ èéfín. Àwọn ọmọ náà rí i, gbogbo ojú tó ro sì là. Alága gbé ọwọ́ sókè dá ìyá náà dúró, ó wá yíjú sí mi.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́. Ṣé kí wọ́n bù ú fún wọn báyìí ni?"

Mo wo oníròyìn. Kò tíì ya fọ́tò tó pé. Mo wo abọ́ mi tó tò lọ bẹ́ẹ̀ rẹrẹ, tó funfun nínú oòrùn. Mo ní:

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò tán ná, sà. Bí ìrẹsì bá ti wọnú abọ́, iṣẹ́ náà ò ní ìtumọ̀ mọ́."

"Ẹ wí ire," ni Alága wí. Ìyá alásè náà yí padà. Ọpọ́n náà wọ abẹ́ kánọ́pì lọ. Mo fi ojú bá a lọ díẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbàgbé rẹ̀. Kò padà wá.

Wọ́n ya fọ́tò. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Mo ti rí ènìyàn tó ń jẹun rí, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí, kí ọgọ́ta ọmọ jókòó kọjú sí ọ, kí abọ́ wọn ṣófo, kí o sì máa fa eegun láàárín eyín, kí o tún máa sọ fún ẹnì kejì rẹ pé iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Obìnrin kan tó ti Ìbàdàn wá sunkún. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù kan náà nu epo ẹnu rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ẹran kún tòun.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ yẹn ló kọ́kọ́ dìde. Ó gba títì kọjá, ó lọ sí ẹ̀yìn àga kan níbi tí wọ́n to àwo tí wọ́n ti jẹ tán sí, ó mú eegun kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó èrò gbá a lọ́wọ́. Eegun náà já bọ́ sínú erùpẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún mú un. Ọ̀dọ́kùnrin náà tún gbá a lọ́wọ́.

Màmá wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti dúró sábẹ́ igi máńgòrò, n kò sì jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó rọra lọ bá ọ̀dọ́kùnrin náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ó tó." Ó wá bá àwọn alásè.

"Oúnjẹ àwọn ọmọ dà?"

"Ó ti tán, mà."

"Kí ló wà nínú kúlà wọ̀nyẹn?"

Kúlà mẹ́ta ló wà nínú búùtù ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́, dìde kíákíá lórí àga.

"Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn o, Mọ̀ọ́mì. Ẹran tí mò ń gbé padà sí Èkó nìyẹn."

Màmá ní, "Ọmọ mi, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì jẹun láti àárọ̀."

"Àwọn kọ́ ni mo bí. Ṣé torí wọn la ṣe wá ná owó wa ni? Ẹ ò rí i pé a ṣí iṣẹ́ ọnà fún wọn?"

Ó ti bo kúlà náà pa, ó sì jókòó lé e lórí. Mo rí i. Obìnrin tó wọ léèsì, tó wé gèlè, jókòó lórí kúlà ẹran nínú búùtù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí kúlà náà mú.

Màmá kò bá a jà. Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ ulé mi." Wọ́n dìde. Àwọn kan fẹ́ mú abọ́ wọn, wọ́n fà á, kò gbé, nítorí wáyà. Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé obìnrin náà ní ẹ̀bá títì, wọ́n tò bí ìgbà tí agogo méjìlá bá lù. Uṣu ẹyọ mẹ́fà tí ó fi pamọ́ fún gbígbìn, mo wá gbọ́ pé òun ló sè fún wọn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú epo àti iyọ̀.

Èmi kò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti pè mí síwájú. Wọ́n fún mi ní aago ara ògiri tí wọ́n lẹ àwòrán Alága mọ́, wọ́n ní mo jẹ́ ọmọ ìlú àtàtà. Wọ́n gbé àwo ìrẹsì àti ẹran ìwe síwájú mi. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Bí mo bá ní kò dùn, mo purọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo tú wáyà, mo kó abọ́ sínú agbọ̀n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí pín wọn káàkiri. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọbìnrin náà. Ó gba abọ́ náà, ó fẹ́ fi omi ṣan án. Bó ṣe da omi sí i, omi náà gba ìdí rẹ̀ jáde, ó ṣàn sórí ìró rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sókè, ó wo ojú ọ̀run láti inú ihò méjèèjì.

Ó ní, "Àǹtí, ó ń jò."

Mo ní, "Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́. N ó gbé e lọ fún ẹni tó ń lẹ abọ́ n'Íkẹ́rẹ́."

"Ìyá mi ló fún mi nígbà tí mò ń lọ ulé ọkọ." Kò pariwo. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíràn tó ṣe é ní jàǹbá. "Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Bí ó bá ti bú mi, ì bá sàn. Ní ilé mìíràn, wọ́n bú mi dáadáa, ara sì tù mí díẹ̀. Mo ra abọ́ rọ́bà n'Íkẹ́rẹ́, mo fi rọ́pò gbogbo wọn. Obìnrin náà gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún kọjá, mo rí abọ́ tánganran náà lórí àtẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gàrí ló bù sínú rẹ̀, ó fi ewé tẹ́ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ náà ń bọ́ ọgọ́ta ọmọ aláìní. Alága ní kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, ó sì gbé e kọ́ sí ojúde ilé rẹ̀. Mo lọ bá a.

"Sà, a kò bọ́ ẹnikẹ́ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó ń kó mi nírìíra jù nìyẹn. Ó fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi.

"Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìròyìn nìyẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọgọ́rùn-ún abọ́ la máa lò. A ó kùn wọ́n."

"N kò ní ṣe é mọ́, sà."

"Kò burú. A ó rí ẹlòmíràn."

Wọ́n rí ẹlòmíràn lóòótọ́. Sìmẹ́ǹtì ni ìyẹn fi mọ ère ọmọ kan sí oríta, ó fi ọ̀dà kùn ún. Ọmọ náà sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó gbé ṣíbí dání, abọ́ rẹ̀ sì kún fún ìrẹsì oní sìmẹ́ǹtì. Orúkọ àwọn tó dáwó pọ̀ débi pé ó yí ìdí ère náà po. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń tutọ́. Kì í ṣe àṣejù. Itọ́ a máa wá fúnra rẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n kórè uṣu lọ́dún tí mo to abọ́ náà, mo lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mo ti múra bí n ó ṣe tọrọ àforíjì, mo ti to ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ wá bá mi lọ sóko àwọn ènìyàn. Uṣẹ́ wà."

A ń lọ láti oko dé oko, àwa méjèèjì, à ń tọrọ uṣu méjì lọ́wọ́ ẹni tó ní púpọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ní díẹ̀. Àwọn kan fún wa ní èlùbọ́, àwọn kan fún wa ní ẹ̀wà gbígbẹ, àwọn kan sì lé wa. Èmi ni mò ń ru ú. A kó o pamọ́ sí ilé Màmá. Nígbà tí ọlidé gígùn tún dé, ó ti tó láti fi dáná lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dáná, ọmọ mẹ́rin péré ló wá. A se ìkòkò ńlá, a dúró, oúnjẹ tutù. N kò mọ ohun tó fà á. Màmá mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wá wọn wá."

A dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọbìnrin náà. Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ga sí i, ó ń wo àwa méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Màmá ní oúnjẹ wà nílé, kí ọmọ wá jẹun. Èmi ni obìnrin náà ń wò, ó ń wo àpò tó wà léjìká mi.

"Ṣé ẹ ò gbé kámẹ́rà dání, Àǹtí?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Kò mira. Mo bọ́ àpò náà, mo ṣí i, mo gbé e fún un. Ó tẹ ojú wò ó dáadáa. Ó fi ọwọ́ tú u: Bíbélì mi, síkáàfù kan, ọ̀bẹ tí mo fi ń bó uṣu. Ó dá àpò náà padà fún mi. Lẹ́yìn náà ló tó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó mú abọ́ rọ́bà, kó tẹ̀ lé Màmá.

Ilé mọ́kànlá la dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní méje nínú wọn, mo ṣí àpò mi kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọn tẹ̀ lé wa. Àwọn kan kò jẹ́ kó lọ rárá, ọmọ wọn kò sì wá títí tí ọlidé fi parí. Mo mọ àwọn ilé náà. Ebi wà níbẹ̀. Wọ́n yàn án ju kí a tún fi ọmọ wọn ṣe ìran lọ, n kò sì lè bá wọn wí.